Dídá Àká-Ìsọfúnni Dúró Yàtọ̀ sí Pípa Á

Àká-ìsọfúnni ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí létòlétò. Ètò-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ mú nǹkan jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìsopọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìsopọ̀ kì í sì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Nínú àká tí ń jẹ́ PostgreSQL, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọmọṣẹ́ tirẹ̀ tí ń gba àyè nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tí ó ni ín kò bá yí i padà, 100 ni iye ìsopọ̀ tí ó gbà láyè. Èyí ni ó mú kí alágbàtà ìsopọ̀ wúlò. PgBouncer, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó jókòó sáàárín, ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà, ó sì ń yá wọn ní ìwọ̀nba ìsopọ̀ tí ó ní. (Kò dà bí alágbàtà ọjà: kì í bu èrè lé e.)

Nígbà tí ó bá di dandan láti tún àká tàn, ìtumọ̀ tí ó máa ń yá lẹ́nu ni “pa á, kí o tún un tàn.” Ewu wà nínú ìtumọ̀ yìí. Ká ní ilé ìfowópamọ́ kan ń gbé owó láti àpò oníbàárà kan sí ti òmíràn. Bí ìsopọ̀ bá já láàárín, PostgreSQL yóò fagi lé gbogbo rẹ̀, owó kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lẹ́yìn tí àká ti fọwọ́ sí i, kí èsì tó dé, ètò-iṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá ó ti parí. Bí ó bá tún un rán, owó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ parí pátápátá tàbí kí ó dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí, ni ó yẹ ní pípè ní ìdìpọ̀-iṣẹ́. “Ìdúnàádúrà” kò bá a mu, nítorí pé ènìyàn lè dúnàádúrà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí ó má rà.

Àṣẹ PAUSE ti PgBouncer ni “dá dúró.” Iṣẹ́ ọlọ́pàá oríta ni ó ń ṣe: ọkọ̀ tí ó ti wọ oríta yóò kọjá, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ yóò dúró. Ìdìpọ̀-iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yóò parí, alágbàtà yóò tú ìsopọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àká, àwọn oníbàárà tuntun yóò sì máa retí, láìgba ìròyìn àṣìṣe, títí àṣẹ RESUME yóò fi dé. Láàárín àkókò yìí ni wọn yóò tún àká tàn. Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní òpin: bí wọn kò bá yí òǹkà rẹ̀ padà, ẹni tí ó bá retí ju ìṣẹ́jú àáyá 120 lọ ni alágbàtà yóò já sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìsopọ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà títí yóò fi lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí bí wọn kò bá yan ọ̀nà mìíràn, PAUSE yóò dúró de ìlọ rẹ̀, ó sì lè pẹ́ gidigidi.

Alágbàtà fúnra rẹ̀ ni ó ṣòro jù láti tún tàn, nítorí òun ni ó ń dá àwọn yòókù dúró. Láti ọdún 2019, PgBouncer méjì lè máa gba oníbàárà ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Wọn yóò tan tuntun, wọn yóò sì pàṣẹ fún ti àtijọ́ pé kí ó má gba ẹnikẹ́ni mọ́, kí ó sì kú nígbà tí oníbàárà rẹ̀ ìkẹyìn bá lọ. Ọdún 2024 ni àṣẹ yìí dé. Ètò-iṣẹ́ tí kì í tú ìsopọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà yóò dè é mọ́lẹ̀ síbẹ̀.