Òwò Ọ́kíìdì ní Flọ́rídà: Ẹ Mọ Gbòǹgbò Kí Ẹ Tó Náwó

Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń gbé ní apá gúúsù Flọ́rídà ń bèèrè bóyá òwò òdòdó ọ́kíìdì ṣeé fi kún iṣẹ́ ẹni. Ó ṣeé ṣe. Ojú ọjọ́ Miami àti Homestead gbóná, ó sì lọ́rinrin bíi tilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ yóò kàn fi owó ra ìdọ̀tí ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni háíbíríìdì, ìyẹn ọ́kíìdì tí wọ́n fi ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí. Ọ̀pọ̀ wọn lágbára ju ti inú igbó lọ.

KÌ Í ṢE ÀFÒMỌ́

Gbogbo wa la mọ àfòmọ́ orí igi kòkó àti igi obì. Ńṣe ló ń mu omi ara igi tó gbà á lálejò. Àwọn ọ́kíìdì tí à ń sọ yìí náà ń gbé orí igi nínú igbó, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ igi náà. Wọ́n kàn dì mọ́ èèpo rẹ̀ ni, òjò àti afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò wọn ń gbà. Nítorí náà, ẹ má gbìn ín sínú erùpẹ̀ bí ẹni gbin ẹ̀fọ́. Gbòǹgbò yóò jẹrà. Èèpo igi, èédú àti àpáàdì ni kí ẹ kó sínú ìkòkò tó nihò dáadáa nísàlẹ̀.

OMI ÀTI OÒRÙN

Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Tó bá funfun, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Tó bá ní àwọ̀ ewé, omi ṣì wà lára rẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dendrobium fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ àti ìkòkò kékeré. Phalaenopsis fẹ́ ibòji. Nígbà tí òru bá tutù tó nǹkan bí 60 Fahrenheit fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà náà ló ń yọ igi òdòdó. Vanda kò fẹ́ erùpẹ̀ tàbí èèpo igi rárá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí, gbòǹgbò rẹ̀ ní gbangba, ẹ ó sì máa bomi rin ín lójoojúmọ́ nígbà ooru.

Ní ti ajílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ti tó. Bí òru bá fẹ́ tutù ju 55 lọ, ẹ kó wọn wọlé.

IBI TÍ OWÓ TI Ń SỌNÙ

1. Àrùn: Ọ̀bẹ tí a fi gé èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì yóò kó o ran òmíràn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ fi iná jó ẹnu ọ̀bẹ kí ẹ tó bọ́ sórí ìkòkò mìíràn.

2. Òfin: Dendrobium máa ń bí ọmọ lára igi rẹ̀. Bí gbòǹgbò ọmọ náà bá gùn tó íǹṣì 2, a lè gé e gbìn. Ṣùgbọ́n bí páténtì bá wà lórí ẹ̀yà náà, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹ gé ọmọ rẹ̀ gbìn láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ta ewéko gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Flọ́rídà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀.

3. Orúkọ: Royal Horticultural Society ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọ orúkọ háíbíríìdì sílẹ̀ fún gbogbo àgbáyé. Ẹ má jẹ́ kí káàdì orúkọ sọnù. Oníbàárà tó mọ ọ́kíìdì kì í fẹ́ san owó gidi lórí èyí tí kò lórúkọ.

4. Àkókò: Phalaenopsis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìgò lè lo ọdún 2 sí 3 kó tó yọ òdòdó. Èyí tó ti dàgbà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

5. Ìjì: Ìjì Andrew ti oṣù kẹjọ ọdún 1992 ba ọ̀pọ̀ oko òdòdó jẹ́ ní Homestead. Ẹ má kó gbogbo owó ilé síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ju ọ́kíìdì nù bí òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀. Kò tíì kú o! Bí ewé àti gbòǹgbò bá ṣì le, yóò tún yọ. Ẹ fi ìkòkò mẹ́wàá dán an wò fún ọdún kan. Bí wọ́n bá tún yọ òdòdó lọ́wọ́ yín, ẹ wá fi owó kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọlọ́run yóò bù sí i o.