Ìkòkò stainless: ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe dídán rẹ̀



Ọjọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, ni àlejò máa ń pọ̀ jù nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún kan, nílé ọ̀kan nínú àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìkòkò stainless tuntun ni wọ́n gbé kaná láti fi se ìkọ́kọrẹ́. Ó ń dán bíi dígí. Kò pẹ́ tí wọ́n bu ewùrà rínrín sínú omi ẹran tó ń hó tí òórùn jíjó fi gba gbogbo ilé. Ìsàlẹ̀ ti dúdú, òkè ṣì wà ní tútù, àlejò sì ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò yìí wà lára sẹ́ẹ̀tì márùn-ún tí wọ́n rà fún ẹrù ìyàwó.

Ìyàwó kò ṣẹ̀. Ìdí ìkòkò náà ló fẹ́lẹ́.

Irin tí wọ́n pò mọ́ chromium ni stainless. Ní ọdún 1913, Harry Brearley ti ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá irin tí yóò dára fún ọ̀pá ìbọn, ibẹ̀ ló ti ṣe irú irin tí kì í tètè dípẹtà. Chromium yẹn ló ń ta awọ tín-ínrín tí ojú kò lè rí bo irin náà. Àmọ́ stainless kì í gbé ooru kárí. Alumíníọ́mù fi ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ dára jù ú nínú ká gbé ooru. Bí ìdí ìkòkò stainless bá wá fẹ́lẹ́, ibi tí iná ti kàn án á máa jó, ibi tó kù á sì tutù. Ọbẹ̀ tó ṣàn lè fara dà á. Ìkọ́kọrẹ́ tí a kì í rò, tí a kàn máa ń dé pa lórí iná kékeré, kò lè fara dà á rárá.

Àwọn kan máa sọ pé, ṣebí ìkòkò alumíníọ́mù tí àwọn ìyá wa ń lò kì í ṣe báyìí? Òótọ́ ni. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń dà nípọn, ooru rẹ̀ sì máa ń kárí. Ohun tí wọ́n ń yọ́ kó tó di ìkòkò ló ń kọ wá lóminú: ògbólógbòó ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, páànù, agolo, àti àwókù lóríṣiríṣi. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Cameroon. Wọ́n fi omi kíkan sè nínú wọn, òjé sì jáde. Ní 2017, wọ́n ṣe ti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìkòkò náà léwu nítorí òjé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọdé lára. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń bà jẹ́. Òjé láti ibi ìwakùsà wúrà ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní Zamfara lọ́dún 2010. Ti ìkòkò kò tó ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ojú kò sì lè fi mọ ìkòkò tó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Ẹni tí kò tíì lágbára láti ra òmíràn, kó má ṣe máa se ọbẹ̀ tòmátì nínú rẹ̀ pẹ́ títí, kó má sì jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá wá dé Òkè-Ajé, tàbí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ dojú ìkòkò délẹ̀. Èyí tó dára máa ń ní alumíníọ́mù tó nípọn lábẹ́ ìdí, tí wọ́n tún fi irin mìíràn bò, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n lẹ àwo pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ẹ fi ìka kan án. Bó bá dún gbàn-ín bí agogo, ó fẹ́lẹ́. Bó bá dún kì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì náà dáadáa, torí omi ẹran gbígbóná lẹ máa fi gbé. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kanra, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi òòfà dán an wò, pé bó bá gbá a mú, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dìídì fi irin tí òòfà ń gbá mú sí ìdí kí ìkòkò lè ṣiṣẹ́ lórí sítóòfù oníná tuntun. Oríṣi olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí òòfà kì í gbá mú. Nọ́ńbà 18/8 tàbí 18/10 ni kí ẹ wá: chromium 18 nínú ọgọ́rùn-ún, nickel 8 tàbí 10. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń yún létí, 18/0 ni kó rà, torí nickel ló sábà máa ń fa irú ìyún bẹ́ẹ̀.

Ní ti títóbi, pure water méjì ni lítà kan. Nítorí náà, àpò pure water kan tó ní ogún nínú ni ìkòkò lítà mẹ́wàá. Ìyẹn á tó ìdílé ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ fún ìrẹsì, ọbẹ̀ àti ẹran Iléyá tí a fẹ́ bọ̀ ká tó dín in. Ẹ má jẹ́ kó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ìkòkò gíga tóóró dára fún omi ẹran, ṣùgbọ́n ríro ìrẹsì nínú rẹ̀ ìyà ni, iná gáàsì á sì máa jó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ lásán.

Kí omi hó kí ẹ tó da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ tó bá jókòó sí ìdí ìkòkò nínú omi tútù máa ń lu ún ní ihò wẹ́wẹ́. Bí àwọ̀ òṣùmàrè bá yọ nínú rẹ̀, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Èyí tó bá jó, ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e kaná kó rọ̀. Ẹ má fi Jik fọ̀ ọ́ o.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀ ń ra ẹrù ìyàwó lọ́wọ́, ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ nípọn lẹ bá fi owó sẹ́ẹ̀tì márùn-ún yẹn rà. A mọ̀ pé kò ní kún ojú lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́rù. Nílé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, wọ́n ti ra irú rẹ̀ kan, òun náà ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́ títí di òní. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún náà ṣì ń dán lórí pẹpẹ. Gàrí ló wà nínú ọ̀kan, ẹ̀wà wà nínú èkejì.