Oyún àti Àìsàn Oríkèé

Ní Adja-Ouèrè àti ní gbogbo oko wa, ọwọ́ obìnrin kì í sinmi. Ọwọ́ ni ó fi ń ṣa ẹyìn, ọwọ́ ni ó fi ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ náà ni ó fi ń yan gàrí. Bí oríkèé ọwọ́ bá wú, tí ó sì ń dun obìnrin, iṣẹ́ á dúró. Bí obìnrin náà bá ṣì ń fẹ́ bímọ, ẹ̀rù á tún bà á. Àwọn kan á ní kí ó má lóyún láé. Àwọn mìíràn á ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an.

Kí ni àìsàn yìí?

Oríṣi làkúrègbé pọ̀. Èyí tí a ń sọ yìí, àwọn dókítà wa ń pè é ní polyarthrite rhumatoïde ní èdè Faransé. Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bá àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ onílé mọ́: oríkèé ara ni wọ́n ń bá jà. Oríkèé ìka àti ọrùn ọwọ́ á wú, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ á le, ó sì lè ju wákàtí kan lọ kí ó tó nà. Àìsàn náà ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po 2 tàbí 3. Kì í ràn.

Ǹjẹ́ obìnrin tí ó ní i lè bímọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú wọn ń bí ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ń gbóná nígbà oyún, ọmọ lè kéré, tàbí kí a bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé. Nítorí náà, ó dára kí àìsàn náà rọlẹ̀ kí oyún tó dé.

Kí ni oyún ń ṣe sí àìsàn náà?

Ní 1938, Philip Hench, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ara àwọn obìnrin tí wọ́n ní àìsàn yìí máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá lóyún. Òtítọ́ ni. Nínú aláboyún 10 tí wọ́n ní i, bí 6 ń rí ìtura. Nígbà oyún, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara máa ń rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n má baà bá ọmọ inú jà.

Níbí ni ewu wà. Obìnrin á rò pé òun ti sàn, kò ní padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Bí òjò bá dá, ṣé a máa ń tú òrùlé ni? Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, bí ìdajì wọn ni ìrora náà ń padà bá. Àwọn ará ilé á wá ní ọmọ ni ó gbé àìsàn wá. Ọmọ kò jẹ̀bi. Àìsàn tí ó sinmi ni ó tún jí. Kí ìyá, ọkọ àti ìyá ọkọ ti jọ sọ ọ́ ṣáájú: ta ni yóò pọn omi? Ta ni yóò bá a wẹ ọmọ?

Àwọn oògùn wo ni kí a ṣọ́ra fún?

Ẹ ka orúkọ tí ó wà lára páálí oògùn.

MÉTHOTREXATE: Oògùn gidi ni fún oríkèé, ṣùgbọ́n ó lè ba oyún jẹ́, ó sì lè sọ ọmọ di abirùn. Obìnrin tí ń lò ó gbọ́dọ̀ fètò sọ́mọ bíbí. Bí ó bá fẹ́ lóyún, dókítà ni yóò sọ ìgbà tí yóò fi í sílẹ̀, láti oṣù 1 sí 3 ṣáájú. Bí oyún bá dé lójijì, kí ó dá a dúró, kí ó sì lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ lò ó bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú.

IBUPROFÈNE àti DICLOFÉNAC: Láti oṣù karùn-ún oyún, wọ́n lè pa kíndìnrín àti ọkàn ọmọ lára.

Àwọn oògùn kan wà, bíi HYDROXYCHLOROQUINE, tí aláboyún lè lò bí dókítà bá fún un. Kí ó má dá wọn dúró fúnra rẹ̀.

Oògùn tí a ń tà lórí igbá láìní páálí kò ní orúkọ tí a lè kà. Ní 2017, ìjọba kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọjà Adjégounlé ní Kútọnu. Ẹ má rà á.

Níbo ni kí a lọ?

Kí obìnrin kọ́kọ́ sọ fún agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn. Láti ibẹ̀, a lè rán an lọ sí ilé ìwòsàn Pobè, tàbí sọ́dọ̀ àwọn dókítà oríkèé ní CNHU ní Kútọnu. Kí ó mú páálí gbogbo oògùn rẹ̀ dání.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ló dé tí ìrora fi ń dínkù nígbà oyún?
2. Ṣé ọmọ ni ó ń gbé àìsàn náà padà wá?
3. Oògùn wo ni obìnrin gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó lóyún?