Ẹ̀rọ Inú Àyà Tí Ń Dènà Ikú Òjijì

Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Èkó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ti Dẹ́ńmáàkì ṣubú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní Copenhagen. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná tún ìlù ọkàn rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i lára. Ní ọdún 2022 ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brentford.

Ẹ̀rọ yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ICD. Michel Mirowski, oníṣègùn tí a bí ní Pólàǹdì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ènìyàn lára ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ awọ àyà, nítòsí èjìká òsì, ni ó sábà máa ń wà. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn, ó sì ń ṣọ́ ìlù rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọkàn bá ń sáré kíkankíkan, tàbí tí ó bá kàn ń gbọ̀n láìlè ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹni náà yóò dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Omi tí a ń dà síni lójú kò lè tún un ṣe. ICD ni yóò ta iná sí ọkàn náà kí ó lè padà sí ìlù rẹ̀. Ó máa ń dà bí ẹni pé ẹṣin ta ènìyàn nípàá láyà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Sabon Gari ní Kánò, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kánò wà lára àwọn ibi tí àìlera ọkàn tó ń bá aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun jà ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye ti Yunifásítì Bayero wà lára àwọn tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀, kò yẹ kí a sọ fún un pé àárẹ̀ ìbímọ lásán ni. Síbẹ̀, a kì í sáré fi ICD sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ láyà, nítorí ọkàn ọ̀pọ̀ wọn a máa padà bọ̀ sípò pẹ̀lú oògùn. Àwọn oníṣègùn sábà máa ń dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí wọ́n tún yàwòrán ọkàn náà wò. Bí agbára ìtìjáde ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ju ìdá 35 nínú 100 lọ, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wáyé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì yè é, kì í sábà dúró tó bẹ́ẹ̀.

Owó ni ìdènà tó tóbi jù, nítorí àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà fi ń tọ́jú ara. Bátìrì rẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ìpààrọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje sí mẹ́wàá. ICD kì í sì í wo àìsàn ọkàn sàn. Oògùn kò gbọdọ̀ dúró.

Ẹni tó ní in kò gbọdọ̀ fi fóònù sí àpò àyà lápá ibẹ̀, kí ó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 15. Kí àwọn wẹ́dà bi dókítà wọn kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ta iná lẹ́ẹ̀kan, tí ara sì dá, kí a pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bó bá ta lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó di aláìsàn náà mú nígbà tí iná ta kò ní fara pa.