Orin Ata, Igi Ẹlẹ́gùn-ún

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Àmọ́ igi orin ata, bí ẹ̀gún ṣe bò ó tó, àgbà kì í sá fún un. Gbòǹgbò rẹ̀ ń ta; ẹni tó bá run ún láàárọ̀, ahọ́n rẹ̀ a kú díẹ̀, ẹnu a sì mọ́ tónítóní.

Ní Notsé ní Tógò, ìtàn ẹ̀gún burú. Wọ́n ní ọba Agokoli ní kí wọ́n po ẹ̀gún mọ́ amọ̀ tí ará ìlú ń fẹsẹ̀ tẹ̀ fún odi, ìyà náà ló sì mú àwọn Ewe sá lọ. Ẹ̀gún ti orin ata, oore ló ń ṣọ́. Bí eyín bá ń dunni, wọ́n a gún èèpo gbòǹgbò rẹ̀ lé e. Fún làkúrègbé, wọ́n a rẹ ẹ́ sínú ọtí sódàbì. Wọ́n ń lò ó fún aràn àti inú rírun.

Èyí tó wú mi lórí jù ni àgbo rẹ̀ fún fòníkú-fọ̀ladìde. Láyé àtijọ́, àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àrùn yìí. Wọ́n a sọ wọ́n ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, wọ́n a sì fi abẹ sín wọn lára. Mo bọ̀wọ̀ fún orúkọ wọ̀nyẹn, àdúrà òbí ni. Abẹ ni mo kọ̀, torí ọmọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ àrùn náà wà. Sẹ́ẹ̀lì la fi mọ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, bí wọ́n ṣe fi ìṣù amọ̀ mọ odi Notsé. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Èyí tó bá tẹ̀ bí dòjé kì í ju 20 lọ, á sì dí iṣan, eegun á máa ro ọmọ. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé omi gbòǹgbò orin ata ń dá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ padà sípò nínú àyẹ̀wò. Ìyèré, kànnàfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà náà kò gbẹ́yìn: àgbo wọn láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn onímọ̀ Abuja sọ di oògùn tó ń jẹ́ Niprisan.

Ẹ má torí àgbo fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ o. Ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ra. Ẹni tó bá wa gbòǹgbò orin ata, kó gbin òmíràn, torí igi tí a wú tán kò lè wo ọmọ ọ̀la sàn.