Bí A Ti Ń Tún Ìkéde Sátẹ́láìtì Ṣe fún Awakọ̀ Òfuurufú àti Atukọ̀

Sátẹ́láìtì GPS tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sókè kì í sọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà fún un. Aago ni ó ń pè. Láti nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń kéde àkókò àti ipò tirẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni yóò ṣírò bí ìkéde náà ti pẹ́ tó lọ́nà, nígbà tí ó bá sì ti gbọ́ ti mẹ́rin, yóò mọ ibi tí òun wà àti bí òun ti ga tó. Ṣùgbọ́n eré ìmọ́lẹ̀ ni ìkéde yìí ń sá. Bí aago bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yàtọ̀, àṣìṣe rẹ̀ di 300 mítà.

Aago wọn kì í sábà ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mítà díẹ̀ ni a máa ń bá. Ẹni tí ń wá ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní í bìkítà fún èyí. Ti awakọ̀ òfuurufú tí ń sọ̀kalẹ̀ nínú ìkùukùu yàtọ̀, ti atukọ̀ tí ń gba ọ̀nà tóóró wọ èbúté náà sì yàtọ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé sátẹ́láìtì tí ó ti bàjẹ́ lè máa kéde irọ́ lọ pẹ̀lú ohùn kan náà tí ó fi ń sọ òtítọ́.

Ọgbọ́n tí a dá sí i nìyí. A kọ́ àwọn ibùdó káàkiri ilẹ̀, a sì wọn ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan dáradára. Ibùdó tí ó ti mọ ibi tí òun wà a máa gbọ́ ohun tí sátẹ́láìtì wí, a sì rí ibi tí ó ti ṣì í. Wọn a fi ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí olú ibùdó, tí yóò ṣírò àtúnṣe, tí yóò sì gbé e lọ sí sátẹ́láìtì mìíràn tí ó dúró lójú kan ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ti ń gbọ́ ọ. Ti Amẹ́ríkà, WAAS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2003. Ti Yúróòpù, EGNOS, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹwàá 2009, àwọn awakọ̀ òfuurufú sì gba àṣẹ láti gbẹ́kẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta 2011.

Lójú tèmi, kì í ṣe àtúnṣe náà ni ó níye lórí jù, bí kò ṣe ìkìlọ̀ tí ń bá a rìn: bí sátẹ́láìtì kan kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 6 awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti gbọ́. Nítorí èyí ni a ṣe lè gbà á láyè, ní pápá tí ó bá yẹ, kí ó sọ̀kalẹ̀ dé 200 ẹsẹ̀ bàtà kí ó tó di dandan pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀.

Àwọn atukọ̀ ti ń rí irú ìrànlọ́wọ́ yìí gbà ṣáájú láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé rédíò etíkun. Amẹ́ríkà ti tirẹ̀ pa ní 2020, nítorí GPS fúnra rẹ̀ ti sunwọ̀n sí i láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ àtimáa mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ fún aráàlú ní oṣù Karùn-ún 2000.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ni ọ̀tá. Òun ni ó ń fi agbára iná mànàmáná kún apá òfuurufú tí à ń pè ní ayónósífíà, tí ìkéde gbọ́dọ̀ là kọjá. Lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, pàápàá lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ibẹ̀ kì í tòrò. Àtúnṣe tí a ṣírò fún Yúróòpù kò lè sìn wá.

Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ ASECNA, àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Benin, Tógò àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, yẹ fún àfiyèsí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àtúnṣe fún ìdánwò láti orí NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí a gbé sókè ní oṣù Kejìlá 2011. Ní oṣù Kínní 2021 wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú dán an wò ní Lomé. Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ni wọ́n yá. Èyí tí ó ṣòro jù wà nílẹ̀: nítorí pé ojú òfuurufú wa lálẹ́ lè yàtọ̀ gidigidi láti ibì kan sí èkejì, àwọn ibùdó ìwọ̀n ní láti sún mọ́ ara wọn ju ti Yúróòpù lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fẹ́ iná tí kì í kú àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.