Òkú Àgbà Kò Gbọdọ̀ Di Ẹni Ìgbàgbé

Láìpẹ́ yìí ni a bá àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ṣe òkú baba wọn. Jíjẹ àti mímu pọ̀ lọ jàra, aṣọ ẹbí dára, ìlù sì ń dún. Ọ̀kọrin kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki olóògbé ní oríkì àwọn ọmọ Oníkòyí, ó ń sọ̀rọ̀ ogun. Àwọn ọmọ olóògbé ń jó, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ìyá arúgbó kan, àbúrò olóògbé, ni ó figbe ta láti kọ̀rọ̀ tí ó jókòó sí pé: “Ẹ dákẹ́! Ọmọ Ọlọ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìjàkadì ni tiwa, kì í ṣe ogun!” Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ̀ pé baba ẹlòmíràn ni a ti ń ki láti àárọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn baba wa ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, ṣùgbọ́n sísin tí wọ́n ń wí kò parí sí ojú oórì. Bí baba àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, Babátúndé ni a ó sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni ó lọ, ọmọbìnrin tí ó tẹ̀ lé e a di Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Bí ọdún egúngún bá dé, ará ọ̀run a máa ki ìdílé kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá lójúlé wọn. Ìyàwó tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa fi ẹkún ìyàwó dárúkọ àwọn tí ó bí i. Kódà ọmọdé tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀ kò ní dìde láìgbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Ìrántí yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Brasil gbé e kọjá òkun: títí di òní ni a ń ṣe egúngún ní erékùṣù Itaparica.

A kò wí pé kí Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ìsìn ìrántí ọdọọdún dára, àdúrà ọjọ́ kẹjọ sì dára. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ baba ẹni kò lòdì sí ẹ̀sìn kankan. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé a ń jẹ gbèsè nítorí ìnáwó ọjọ́ kan ṣoṣo, a kò sì lè dárúkọ baba tí ó bí baba wa àgbà.

Ìmọ̀ tí ó wà lórí ahọ́n nìkan a máa bá ẹlẹ́nu rẹ̀ wọ ilẹ̀. Ìbẹ̀rù èyí ni ó mú kí Àlùfáà Samuel Johnson máa kọ ohun tí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà mìíràn sọ fún un sílẹ̀. Ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tán ní 1897. Ìwé náà sọnù ní Ìlú Òyìnbó, òun náà sì kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tí ó kù ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, kí ni ìbá kù?

Nítorí náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Kí a kọ orúkọ àwọn òkú ilé sínú rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àti oríkì wọn. Ní ọjọ́ ìrántí ọdọọdún, kí ọmọ tí ó kéré jù lọ kà á sókè fún gbogbo ẹbí. Owó rẹ̀ kò tó ti ìgò ọtí kan.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó rọ́pò, báwo ni yóò ṣe rọ́pò rẹ̀? Ìyá arúgbó bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní kọ̀rọ̀ ilé tìrẹ náà. Lọ bá a lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.